Ìdì Sìgá Tí Zenaida Kò Dì

Ní San Luis, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ wọ bààlúù, ọ̀dọ̀ Zenaida ló máa kọ́kọ́ yà sí kó tó lọ dágbére fún ìyá rẹ̀. Kì í ṣe àdúrà ni wọ́n ń bá lọ. Sìgá ni. Ilẹ̀ tábà ni ilẹ̀ wa, kò sì sí ọmọ ìlú yìí tó máa rìnrìn àjò láìgbé sìgá dání fún ẹni tó fẹ́ lọ bá: sìgá gidi, tí a fi odindi ewé wé, tó sanra bí àtàǹpàkò. Ẹlẹgẹ́ ni. Ooru ń bà á jẹ́, òtútù ń bà á jẹ́, ẹni tó bá ṣèèṣì jókòó lé e náà ń bà á jẹ́.

Iṣẹ́ Zenaida ní ilé iṣẹ́ sìgá ni kó máa ṣa àwọ̀. Bí àwọn tó ń wé sìgá bá wé e tán, wọ́n á kó o wá dà síwájú rẹ̀ lórí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, òun á sì máa yà wọ́n sọ́tọ̀: èyí tó dúdú bíi kọfí, èyí tó pọ́n bí oyin, èyí tó wà láàárín méjèèjì, títí tí ojú ẹlòmíràn ò fi ní rí ìyàtọ̀ kankan mọ́, tí tirẹ̀ á ṣì máa rí i. Kì í wọ aṣọ pupa lọ síbi iṣẹ́, ó ní aṣọ pupa máa ń ta àwọ̀ sára ewé. Èmi ni mo máa ń kàwé sí wọn létí níbẹ̀ láàárọ̀ kí iṣẹ́ má bàa sú wọn. Mi ò rí ọjọ́ kan kí Zenaida gbójú kúrò lórí tábìlì rẹ̀, àfi bí ìtàn bá dé ibi tí ọkùnrin ti da obìnrin.

Bó ṣe ń ṣa sìgá ló ṣe ń di ẹrù. Á tú àpótí ẹni palẹ̀ lójú ẹni láìtọrọ gáfárà.

"Lino, kí lèyí?"

"Láítà ni, ẹ̀gbọ́n. Àbúrò mi ló fi ránṣẹ́ láti Miami. Ẹ wò ó bó ṣe ń tú iná, bíi ti wẹ́dà."

"Ohun tí wọ́n á fi gbà á lọ́wọ́ ẹ nìyẹn. Iná tó ń fẹ́ báyìí kì í wọ bààlúù, ì báà wà lápò, ì báà wà nínú ẹrù. Fi sílé."

"Kí ni mo máa wá fi tan sìgá tí mo bá débẹ̀?"

"Àwọn tó o fẹ́ lọ bá, ṣé inú òkùnkùn ni wọ́n ń gbé ni? Wọ́n níná. Gbé abẹ tí o fi ń gé orí sìgá yẹn wá, inú àpótí ńlá ló ń lọ, kí wọ́n má bàa ní o fẹ́ gún awakọ̀. Sìgá fúnra ẹ̀ dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀ àpótí ńlá, lábẹ́ bàtà."

Zenaida á wá wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó gbàgbé ọmọ sọ́jà. "Lábẹ́ bàtà. Níbi tí òtútù á ti mú un gan, tí wọ́n á sì máa jù ú bí àpò sìmẹ́ńtì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé sìgá, Lino. Bí ọmọ tuntun."

Lẹ́yìn náà á fi èèpo ọ̀pẹ wé e. Ó ti rẹ èèpo náà sómi lánàá, ó ti nù ún, ọ̀rinrin tó kù lára rẹ̀ ò ju èémí ọmọ tó ń sùn lọ. Afẹ́fẹ́ inú bààlúù gbẹ, ó ń fa omi ara ewé. Bí èèpo bá sì tutù jù, sìgá á bu. Kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe mọ ìwọ̀n rẹ̀, òun tí kò wọ bààlúù rí.

Ọkọ rẹ̀, Onelio, wà lára àwọn tó ń wé sìgá. Bó bá wé e tán, kò ní sí ibi tó wú, kò ní sí ibi tó tẹ̀. Nítorí náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tí ilé iṣẹ́ yàn án kó lọ sí Madrid, kó lọ jókòó níbi àfihàn ńlá kan, kó máa wé sìgá lójú àwọn èèyàn pàtàkì. Inú Zenaida dùn. Inú dídùn náà dé ìdí kọfí àárọ̀, ó sì kú síbẹ̀.

Migdalia ló pa á. Òun ló ń wọ ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ bí òrùka sí sìgá lọ́rùn, ẹ̀gbẹ́ Zenaida ló sì ń jókòó.

"Zena, Madrid ni mo gbọ́ o."

"Ibẹ̀ ni."

"Madrid tóbi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá èèyàn níbẹ̀ á rí i."

"Ta ló ń wá èèyàn?"

"Ta ni mo dárúkọ? Òrùka ni mo ń wọ̀ sí sìgá lọ́rùn ní tèmi."

"Ẹnu ẹ ló ń yún ẹ. Mu kọfí ẹ."

Ẹni tí wọn ò dárúkọ náà ni Obdulia. Ọ̀kánkán Zenaida gan-an ló ń jókòó nígbà kan rí, wọ́n jọ ń ṣa àwọ̀ lórí tábìlì kan náà. Òun ló kọ́kọ́ ń fẹ́ Onelio. Lọ́jọ́ kan ó di ẹrù rẹ̀, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Spain, kò sì padà wá. Ìgbà tó lọ tán ni Onelio yíjú sí Zenaida. Èyí ló ń gún Zenaida láyà láti ìgbà náà wá. Ká ní òun ló gba ọkùnrin náà mọ́ Obdulia lọ́wọ́ ni, ì bá máa yan. Ṣùgbọ́n kò gbà á. Obdulia ló jù ú sílẹ̀, òun wá ṣà á. Ẹni tó ju nǹkan sílẹ̀ sì lè rántí rẹ̀ nígbàkígbà.

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé, aṣọ ti ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lára Zenaida. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ọkàn ọkọ òun ṣì wà lọ́dọ̀ obìnrin yẹn? Kò lè béèrè. Ó ní bí òun bá dárúkọ rẹ̀ nínú ilé, ṣe lòun fún un ní àga kó jókòó.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ló jókòó ti ẹrù ọkọ rẹ̀. Ó tò ó bó ṣe máa ń to tẹlòmíràn: abẹ àti ọ̀bẹ tó fi ń gé ewé nínú àpótí ńlá, àwọn sìgá tó wà fún ọ̀gá tó máa gbà á lálejò ní Madrid nínú báàgì ọwọ́. Bó ṣe ká ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ni ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan líle nínú apá ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Ìdì sìgá ni. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irú tí Obdulia máa ń fi sẹ́nu bó bá ń rìn lọ sílé. Zenaida tú okùn rẹ̀, ó tẹ́ wọn sórí ibùsùn lọ́wọ́ iwájú fèrèsé. Ó wò wọ́n. Ó yí wọn padà, ó tún wò wọ́n. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, àwọ̀ kọfí tí a bu wàrà sí. Ọ̀kan ò fi bí irun orí ṣe tín-ín-rín yàtọ̀ sí èkejì.

Onelio ni o. Onelio tó máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ méjì jáde. Onelio tí ó ní gbogbo ewé, ewé ni. Ta ló jókòó ṣa èyí fún?

"Onelio!"

Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń nu bàtà. "Kí ló dé?"

"Ti ta ni sìgá inú ṣẹ́ẹ̀tì yìí?"

Ó tún ń gbo bàtà lọ. "Ẹnì kan tí mo mọ̀ lọ́hùn-ún ni."

"Ẹnì kan náà lórúkọ?"

"Ta ni ò lórúkọ, arúgbó mi?" Bẹ́ẹ̀ ló máa ń fi ìfẹ́ pè é. " Ṣáà dì í mọ́ ọn."

"Ó ti pọ̀ jù. Èyí tí kò bá ní òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́, àwọn aṣọ́bodè ò ní jẹ́ kó kọjá ìwọ̀n. Nǹkan gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀."

"Yọ nínú ti ọ̀gá, nígbà náà."

Nínú ti ọ̀gá. Ẹni tó máa fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn. Zenaida dúró, ìdì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun rò ó láti fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó rún wómúwómú. Ó ní òun rò ó láti ki í bọ omi. Ṣùgbọ́n sìgá ni, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló sì wé e. Ọwọ́ tirẹ̀ kọ̀ láti bà á jẹ́. Ohun tó ṣe nìyí: ó lọ síbi agolo sìgá tirẹ̀, ó mú ẹyọ kan tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ìwọ̀nba díẹ̀ dúdú ju ìyókù lọ, ó yọ ọ̀kan kúrò láàárín ìdì náà, ó fi tirẹ̀ dípò. Ó wá dì í padà bó ṣe bá a.

Lójú Onelio, kò sí nǹkan tó yí padà. Àmọ́ àwọn tó ń ṣa àwọ̀ ní àṣà kan tí àwọn tó ń wé sìgá ò mọ̀. Bí mo bá ń kàwé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ọ̀kan bá rí i tí ẹnìkejì rẹ̀ ń ṣe ohun tí kò dáa, bóyá ó ń fi sìgá tirẹ̀ pamọ́ sáàárín tẹlòmíràn ni, kò ní pariwo. Á to ìdì kékeré kan, á fi ẹyọ kan tí kò bá wọn mu sáàárín, á rọra tì í sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni: mo ti rí ọ.

Zenaida bá Onelio dé pápákọ̀ òfurufú ní Havana. Aṣọ́bodè kan, obìnrin, tú báàgì ọwọ́ náà sórí tábìlì, ó sì mú ìdì yẹn gan-an. Ó tú èèpo rẹ̀. Zenaida rò pé obìnrin náà á rí ẹyọ tó yàtọ̀ yẹn.

"Èyí mà dáa o," ni aṣọ́bodè náà sọ. "Ta ló tò ó?"

Onelio ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyàwó mi ni. Òun nìyí. Kò sí ojú bíi tiẹ̀ ní gbogbo San Luis."

"Ẹ kú iṣẹ́, màmá."

"Ẹ ṣé," ni Zenaida wí. Ìyìn tí wọ́n fi bo irọ́ mọ́lẹ̀: ó ní ó korò lẹ́nu òun títí tí ọkọ̀ fi gbé òun padà délé.

Ní gbogbo ìgbà tí Onelio wà lọ́hùn-ún, Zenaida ṣa àwọ̀ bí afọ́jú. Wọ́n dá àpótí padà fún un, ohun tí a ò rí rí. Bí Onelio bá pè lórí fóònù, á béèrè nípa òtútù, á béèrè nípa oúnjẹ. Migdalia béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé wọ́n ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ dáadáa ní Madrid. Zenaida ní, "Wọ òrùka ẹ."

Nígbà tí Onelio dé, ó ra bàtà bọ̀ fún un. Zenaida wo bàtà náà, ó dúpẹ́, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó gbé ìrẹsì àti ẹ̀wà dúdú kalẹ̀, ó jẹ́ kó jẹun dé ìdajì.

"Ẹnì kan yẹn ńkọ́?"

"Ẹnì kan wo?"

"Onelio."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Obdulia ni. O kúkú mọ̀."

"Mo mọ̀. Kí ló sọ?"

"Ilé wọn ni mo lọ, ọkọ ẹ̀ tó ń ta ẹja náà wà níbẹ̀. Ó tú ìdì náà lójú gbogbo wa. Ó wò ó pẹ́. Mo ń retí ohun tó máa sọ. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó yọ ẹyọ kan láàárín, ó ní òun máa mu èyí, ó ní kí n gbé ìyókù padà lọ fún ẹni tó fi í sí i. Kò yé mi. Ó wà nínú báàgì níbẹ̀ yẹn."

"Kí lo ń retí pé ó máa sọ?"

Onelio ń fi ìka ti ẹ̀wà kan kiri etí àwo. "O rántí ọjọ́ tó dá àpótí mi padà lójú gbogbo ilé iṣẹ́? Ó ní ọkùnrin yìí lọ́wọ́, kò lójú. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń kàwé nígbà náà pa ìwé dé. Mo fẹ́ kó rí i pé mo ti lójú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn tí gbogbo yín bá ti lọ ni mo máa ń jókòó sídìí fèrèsé ṣà á."

Ó yẹ kí ọkàn Zenaida balẹ̀. Ọkùnrin náà ò fẹ́ obìnrin yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí owú ti kúrò, ibòmíràn ló ṣí lọ, níbi tí ọwọ́ ò tó.

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí," ni ó wí, "ọ̀rọ̀ tó sọ lo ń gbé kiri. Èmi tí mò ń bá ẹ jẹun lórí tábìlì yìí, tí mo ń ṣa àwọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, o ò béèrè lọ́wọ́ mi rí pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Ojú ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí o mọ̀ pé mi ò lójú."

"Èmi tí mo ń bá ẹ wá ìbọ̀sẹ̀ láràárọ̀?"

Onelio fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Zenaida kó àwo kúrò. Ó nu tábìlì, ó sún un sẹ́bàá fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì wà. Ó tú ìdì tó ti Madrid bọ̀, ó da sìgá inú agolo tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, ó fọwọ́ rò wọ́n pọ̀ títí tí dúdú àti pupa fi wọra wọn. Ó jókòó sí ọ̀kánkán.

"Ṣà á."

"Báyìí? Ó ti rẹ̀ mí, arúgbó mi. Bààlúù ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀."

"Báyìí. Fún èmi."

Onelio bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, ètè rẹ̀ ń mì bíi ti ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà. Nígbà tó dé àárín, ó gbé èyí tó pọ́n síbi tó yẹ kí èyí tó dúdú wà. Zenaida rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra lórí tábìlì. Ó fà á padà, ó fi í sábẹ́ ìtan.

"Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Máa ṣà á lọ," ni Zenaida wí.