Agolo Ìṣó àti Alùpùpù Pupa

Bí ẹnikẹ́ni bá mi agolo ìṣó nítòsí mi, ọ̀sán kan ní ṣọ́ọ̀bù bàámi, lẹ́bàá Toll Gate Ṣàngó, ni mo máa ń rántí.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni wọ́n. Ọkùnrin kan tó ń wá ọ̀nà Alápòtí gun alùpùpù pupa yà sọ́dọ̀ wa. N kò rí irú rẹ̀ rí: ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti agbọ́n, mo sì ń rí ojú ara mi lára tánkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dún wọrọwọrọ bí agolo ìṣó.

Àwọn ọlọ́kadà pariwo. “Bọ̀dá, ẹ pa á o! Ẹ́ńjìnnì yín ti ń nọ́kì!”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Kò bàjẹ́ o. Kúlọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ló ń dún. Báwọn ará Ítálì ṣe ṣe é nìyẹn.”

Bàámi fi ẹnu sukurudiráfà gígùn kan ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n fi ìdí rẹ̀ ti eegun ẹ̀yìn etí, bí wọ́n ṣe máa ń yẹ gbogbo ẹ́ńjìnnì wò. Wọ́n dijú. “Háà! Ó ń lọ geere!” Wọ́n gbé e sẹ́yìn etí tèmi náà. Lábẹ́ ariwo yẹn, nǹkan kan ń lù jẹ́jẹ́, bí àyà ẹni tó sùn.

Nígbà tí ọkùnrin náà ṣíná, kí n tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá bíríìjì tó wà níwájú. Gbogbo Ṣàngó ṣì ń gbọ́ ọ.

“Ó ti dákẹ́,” ni bàámi wí.

“Rárá o, Bàámi, ó ṣì ń dún!”

“Ó dáa, sín in jẹ fún mi.”

Mo ti di ìyá ọlọ́mọ kí n tó mọ̀ pé etí wọn ti ń di lọ nígbà náà, eegun ló kù tí wọ́n fi ń gbọ́ iṣẹ́ wọn. Lọ́jọ́ yẹn, eré ni mo pè é. Mo ké bí alùpùpù, wọ́n ń mi orí, wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu mi, títí ohùn mi fi há.