Gílóòbù Ilé Ìdáná

Àbúrò ìyàwó mi tó wà lókè òkun ló fi máíkirowéèfù kan ránṣẹ́ sí wa ní Ìkòtún, lọ́dún tí ìyàwó mi dùbúlẹ̀ àìsàn tí kò padà bọ́ nínú rẹ̀. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá sọ iye ìṣẹ́jú tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan yóò lò, ṣùgbọ́n iná mànàmáná tiwọn lọ́hùn-ún ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Tiwa kì í dúró sójú kan. Bí àdúgbò bá ń lọ aṣọ, ẹ̀rọ á kàn máa kùn lásán ni.

Ìyàwó mi ló wá ọgbọ́n sí i. Ó ní kí n máa wo gílóòbù ilé ìdáná: bó bá pọ́n bí ẹyìn, kí n fi kún ìṣẹ́jú, bó bá funfun, kí n dín in kù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dókítà ti fún un ní oògùn tí kò gbọdọ̀ lò lórí inú òfìfo, oúnjẹ kankan kò sì dúró nínú rẹ̀ látàná. Ọ̀fun rẹ̀ ti bó. Ohun gbígbóná ń ta á, ohun tútù ń mú un bì, òórùn kẹrosíìnì sì ni ó burú jù, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè tan sítóòfù. Mọ́ínmọ́ín kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ gbé wá láti Ìgàǹdó ló ní òun lè tọ́ wò.

Gílóòbù pọ́n. Mo yí agbára ẹ̀rọ sí ìdajì kó má baà gan, mo sì fi kún àkókò. Ìyá ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi.

“Ọkọ wa, iná tí ẹnikẹ́ni ò rí yìí, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ìgbà tó tó?”

N kò tíì dáhùn tí gílóòbù fi funfun báláú. Ohùn ẹ̀rọ yí padà. Láti orí ibùsùn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ náà ti ń yọ sí i, ìyàwó mi sọ̀rọ̀.

“Dádì, iná ti lé sí i. Ẹ pa á.”

Mo pa á. Màmá fẹ́ ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ooru kọ́kọ́ rìn dé inú. A dúró díẹ̀. Nígbà tí mo tú ewé rẹ̀, Màmá bu díẹ̀ láti àárín, wọ́n fi sí ẹ̀yìn ọwọ́ wọn, bí ẹni fẹ́ fún ọmọ ní ọ̀gì. Wọ́n mirí pé ó ti tó.

Kò jẹ ẹ́ tán. Ó ṣá jẹ ìwọ̀n tí oògùn lè jókòó lé, ó sì ní kí n gbé oògùn náà wá.