Ọwọ́ Òsì Túnráyọ̀

Túnráyọ̀ ọmọbìnrin Ògúnrìndé kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dúró, ọwọ́ òsì rẹ̀ á máa ju òkúta. Ọwọ́ yìí gan-an ni wàhálà ilé wọn ní Minna, nítorí gbogbo ohun tí àwa ń fi ọ̀tún ṣe, òsì ló fi ń ṣe é. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, ìyá rẹ̀ á fi ọ̀já so ọwọ́ náà mọ́ ọn lára.

"Haba! A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni!"

Simeon bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, a kàn máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn máa ń bí mi nínú, torí èmi aládùúgbò wọn ń rí omijé ọmọ náà.

Ní Sátidé kan lọ́dún 1956, àwọn akọ̀wé rélùwéè ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní pápá. Bọ́ọ̀lù yí dé ẹsẹ̀ Túnráyọ̀. Ó fi òsì jù ú padà, ó sì wó igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ fún eré náà. Láyíwọlá, olórí wọn, pariwo: "Ọmọ yìí, tún un jù!" Láti ọjọ́ náà, ẹ ò lè bá a nílé ní Sátidé.

Ó ti di tíṣà ní 1962, nígbà tí wọ́n pè é mọ́ àwọn obìnrin tí yóò lọ bá àwọn obìnrin Gánà gbá kíríkẹ́ẹ̀tì. Ìyá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀.

"O fẹ́ lọ na òsì lójú àjèjì, kí wọ́n lè sọ pé n kò kọ́ ọmọ?"

Túnráyọ̀ rìn yí àgbàlá ká títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó wọkọ̀ ojú irin kúrò ní Minna láìgba àdúrà ìyá, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Ní Gánà, àwọn obìnrin ibẹ̀ kò mọ ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń gbà wá. Àwa gbọ́ orúkọ ẹni tó ṣẹ́gun wọn lórí rédíò: "Túnráyọ̀ Ògúnrìndé, láti Minna." Simeon fò dìde.

"Ìyá Túnráyọ̀, òsì ti júwe ilé wa o!"

Ìyàwó rẹ̀ mú ìgbálẹ̀. Àgbàlá tó ti gbá láàárọ̀ ló tún ń gbá.

Nígbà tí Túnráyọ̀ dé, ìyá ń ṣa ìrẹsì. Ọmọ kúnlẹ̀, ó sì fi ọ̀tún na bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ ní Gánà sí i. Ìyá kò gbà á.

"Ṣé ọ̀tún lo fi jù ú?"

"Rárá, Màámi."

"Èyí tó jù ú ni kó o fi gbé e fún mi."

Túnráyọ̀ pààrọ̀ ọwọ́, ó fi òsì nà án sí i. Ìyá gbé ìrẹsì sílẹ̀. Òsì lòun náà fi gbà á.