Hẹ́dífóònù Tí Mo Rà fún Bàbá

Ká ní mo gbọ́rọ̀ sí ọkùnrin tó ń ta nǹkan kọ̀ǹpútà ní Bosso lẹ́nu, bàbá mi ìbá ti parí ìjà pẹ̀lú ọmọ wọn kí wọ́n tó kú.

Àbúrò mi obìnrin ni ọmọ náà. Òkè òkun ló wà, ibẹ̀ ló sì ti lọ́kọ láì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Odidi ọdún méjì ni bàbá ò fi dárúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kàn dédé ní, "Ẹ̀rọ rẹ yẹn, ṣé èèyàn lè gbóhùn ọmọ yẹn níbẹ̀?" Inú mi dùn débi pé mi ò dúró jẹun kí n tó gun ọ̀kadà lọ sí Bosso.

Etí bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ dáadáa mọ́, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Wọn kì í fẹ́ kúrò lórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé, kọ̀ǹpútà mi sì wà ní igun kejì pálọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ hẹ́dífóònù tí kò ní wáyà. Ká má parọ́, mo tún fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò wa ní Tunga Low Cost rí i lọ́rùn wọn.

Ọkùnrin náà gbé oníwáyà gígùn kan wá. "Mai waya ya fi," ó ní. Ó nawọ́ sí èyí tí mo dì mú: "Wannan yana jinkiri." Minna níbí ni wọ́n bí mi sí, Haúsá sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Mo gbọ́ ọ yékéyéké: oníwáyà ló dára jù, ohùn inú èyí máa ń pẹ́ kó tó dé. Ó tiẹ̀ ní kí n fi í wo fíìmù díẹ̀ níbẹ̀. Mo ní ẹnu ọlọ́jà ni, pé mò ń kánjú.

Nínú ilé wa, pípẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí bàbá bá pè wá, "Na'am" la máa ń dáhùn, bíi tàwọn ọmọ Haúsá tí a jọ ń ṣeré. Wọn á ní, "Mi ò bí Na'am. Sà ni kí o wí!" Sà náà sì gbọ́dọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fi falẹ̀, ó ń rí wọn fín nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo pe àbúrò mi lórí kọ̀ǹpútà, mo fi hẹ́dífóònù náà sí bàbá létí. Ohùn tiwọn nìkan ni mo ń gbọ́. Wọ́n fi oríkì pè é. Omi bọ́ lójú mi. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún pè é. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn wọn ti le. Wọ́n wá bọ́ ọ kúrò létí.

"Ó wà níbẹ̀. Kò fẹ́ dá mi lóhùn ni."

Nígbà tí mo fi sétí tèmi, ẹkún ni mo bá níbẹ̀. Mo bínú sí àbúrò mi pé kò dáhùn, mo pa ẹ̀rọ náà.

Lọ́jọ́ kẹta, mo fi hẹ́dífóònù náà wo fíìmù. Obìnrin inú rẹ̀ á ti pa ẹnu dé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó dé etí mi. Ìgbà náà ló tó yé mi. Àbúrò mi dáhùn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n pè é. Kí Sà rẹ̀ tó dé, bàbá á ti tún pè é, ohùn tiwọn á sì bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó yẹ kí n sáré lọ sọ fún wọn. Mi ò sọ. Ojú ń tì mí pé ọlọ́jà náà kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Mo ní n ó kọ́kọ́ lọ ra oníwáyà ná, mo sì ń sọ ọ́ dọ̀la. Kí òjò ọdún náà tó dá, àìsàn ọjọ́ mẹ́ta mú bàbá lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí a sin wọ́n ni àbúrò mi pè mí lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ṣé bàbá gbọ́ pé mo dáhùn?"

Mo rò pé mò ń tù ú nínú ni. Mo ní wọ́n gbọ́.

"Wọ́n gbọ́, wọ́n sì tún kọ̀ mí?"

Títí di òní, ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn.