Ìdọ̀bálẹ̀ tó gba apá ọ̀tún mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ n ròyìn bí ìkíni kan ṣoṣo ṣe ba nǹkan jẹ́ fún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Tàbí kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín nígbà míì, àmọ́ kì í pẹ́ lẹ́nu mi.

Àdúgbò Akébé ni mo dàgbà sí, ní Libreville ní Gabon níbí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Alàájì, télọ̀ tó wá láti Kétu. Owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú nígbà yẹn. Wọ́n ń kọ́ ilé ìwé tuntun káàkiri, wọ́n sì ń wá moniteur, ẹni tó máa kọ́ àwọn ọmọ léré ìdárayá. Iṣẹ́ olówó oṣù! Èmi tí mò ń jókòó ti maṣíìnì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ta ló máa ní kí n má fẹ́ ẹ?

Misiọ̀ Ondo ló ń kọ́ àwa tá a fẹ́ iṣẹ́ náà ní àdúgbò Plaine Orety. Ẹ má rò pé ará Ońdó ni o, ọmọ ẹ̀yà Fang ti Gabon níbí ni. (Alàájì gan-an ti béèrè ilé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí!) Ó ní ẹnì kan ṣoṣo lòun máa mú nínú wa, ẹni tó bá lè ṣe planche títí òun á fi ka ení dé àrùn-ún. Planche, ìyẹn pákó: ọwọ́ méjèèjì nìkan ló máa wà nílẹ̀, gbogbo ara tó kù á na gbọọrọ lókè, ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kan nǹkan kan.

Ṣé ẹ rò pé ọjọ́ kan ni wọ́n ń kọ́ ọ ni? Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń tẹ̀ síwájú lórí ọwọ́ lásán, tí ẹsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo ká orúnkún mọ́ àyà, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó di ká na ẹsẹ̀ kan. Ó di ká ya méjèèjì. Bí mo bá fẹ́ fo ìpele kan, Misiọ̀ Ondo á ní "doucement, petit," ìyẹn rọra, ọmọdé, á sì dá mi padà sẹ́yìn. Ó tó ọdún kan àtààbọ̀ kí n tó na ẹsẹ̀ méjèèjì pa pọ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́.

Alàájì ò fẹ́ gbọ́ rárá. Ó ní ṣé eré ọmọdé ni mo fẹ́ máa fi jẹun.

Ọjọ́ ìdánwò dé, ó ku àwa méjì. Ẹnì kejì mi ṣubú nígbà tí wọ́n kà á dé ẹ̀ta. Ó kàn mí. Mo gbé ara sókè, ó dúró! Misiọ̀ Ondo ń kà: un, deux, trois, quatre... Ó ku ẹyọ kan!

Ni mo bá gbọ́ ohùn níwájú mi: "Múfú, ìwọ rèé?"

Alàájì! Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ takisí, ó wá wò mí. Láàárọ̀ lálẹ́ ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀ kí ọkùnrin yìí láti kékeré. Ara mi ò bi mí léèrè. Mo ká ìgbọ̀nwọ́, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti òkè yẹn. Èjìká ọ̀tún mi dún kàù.

Inú Alàájì dùn. "Dìde, ọmọ mi, Ọlọ́run á gbé ẹ ga." Ó tún ṣe àdúrà míì lé e kó tó rí i pé mi ò lè dìde.

Misiọ̀ Ondo bi mí pé kí ló dé tí mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, "C'est mon père," bàbá mi ni. Ó ní, "Et alors?" Ìyẹn ni pé, kí ló wá kàn án?

Ó ní ká padà wá lóṣù kejì. Ẹnì kejì mi ṣe é, ó gba iṣẹ́. Èmi padà sí ìpele àkọ́kọ́, títẹ̀ síwájú lásán, apá ò gbà. Mo tún gbìyànjú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ibi tó ti ya léjìká tún ya. Mo padà sídìí maṣíìnì, ọwọ́ òsì ni mo fi ń lọ aṣọ. Alàájì máa ń bi mí pé kí ló ṣe apá yìí gan-an. Mo ní mo ṣubú ni. Kò mọ̀ pé kíkí tí mo kí òun ló fà á títí tó fi kú.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀? Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀, mi ò lo ọjọ́ kan láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní apá, ẹ kọ́ ọ. Tèmi ti bọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ara yín ti kí àgbà rí kí ọkàn yín tó mọ̀? Ẹ kọ tiyín síbí, mò ń kà á. Ní tèmi, bí Alàájì bá tún wọlé báyìí, màá dọ̀bálẹ̀. Ó ṣì ku apá òsì.