Ilà Ojú Òkúta

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tó ń gbé ní Iléṣà, nìkan ni mo mọ̀ tó ń kọ ilà fún òkúta. Àpótí gíláàsì ńlá tí wọ́n ń sin ẹja sí wà ní pálọ̀, òkúta ni wọ́n sì tò síbẹ̀ fún ẹja láti sá sí. Ọ̀dà lè pa ẹja, nítorí náà ìṣó ni wọ́n fi ń ha àmì sí òkúta. Àwọn pẹrẹsẹ tó ń lọ sísàlẹ̀ gba pélé bíi ti àwa Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ti òkè gba àbàjà bíi ti ọkọ wọn, ará Òṣogbo.

"Àwa la gbé yín ró," ni wọ́n máa ń wí fún ọkọ wọn.

Ọkọ wọn á rẹ́rìn-ín. "Ìyá àwọn ọmọ, ẹni tó wà lókè ni ọ̀gá."

Bí wọ́n bá to òkúta tán, wọ́n á fi ìka tì í. Bó bá mì, wọ́n á ní, "Kò tíì jókòó o!"

Nígbà tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán tí mi ò ríṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà. Ó ń ṣe mí bíi pé mi ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n dá òkúta náà tò. Ẹ̀rù bà mí gan-an: bí ọ̀kan bá yẹ̀, gíláàsì á fọ́, ẹja á kú, wọn ò sì ní fọkàn tán mi mọ́. Mo to àwọn onípélé kí n tó da iyanrìn, torí ẹja máa ń gbẹ́ ẹ, òkúta tó bá sì jókòó lórí rẹ̀ á yẹ̀. Mo wá gbé àwọn alábàjà lé wọn.

Wọ́n fi ìka tì í. Kò mì. Wọ́n wá fi ìka kan náà ti èjìká mi tó ń gbọ̀n.

"Òkúta ti jókòó," ni wọ́n wí. "Ó ku ìwọ."