Ọ̀nà Tí Mo Yà fún Ẹ̀gbọ́n Àdúgbò Wa

Ní kékeré mi, ní Pápá Àjàó ní Mushin, kò sí kẹ̀kẹ́ ológeere tó wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi fún àtúnṣe tí mi ò ní gùn wò kí ẹni tó ni ín tó dé. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn ju ọkùnrin lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa, olórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ó ní ká gùn ún láti Mushin dé Iléṣà, ìlú àwọn bàbá wa. Èmi ni mo wá ọ̀nà. Oṣù méjì ni mo fi ń bi àwọn awakọ̀ akẹ́rù tó ń yà sí ṣọ́ọ̀bù wa léèrè: òkè wo ló ga, níbo la ti lè rí omi mu, afárá wo ló ti bàjẹ́? Mo ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, láti Ìkòròdú títí dé Iléṣà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Padà sílé, àbúrò. Obìnrin kì í bá wa lọ."

Nígbà tí wọ́n padà dé láti Iléṣà, àdúgbò pàtẹ́wọ́ fún un. Ó gbé ìwé mi sókè, ó ní òun lòun yà á. Mo dúró níbẹ̀, mo ń gbọ́. Mi ò sunkún. Inú mi ló le bí irin.

Lọ́dún kejì, ó tún fẹ̀rín wá bá mi: "Àbúrò mi àtàtà, Ìlọrin ló kàn o."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo darí wọn gba ọ̀nà kan tí omi ti gbé afárá rẹ̀ lọ. Nínú ìwé mi, afárá náà dúró ṣinṣin.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ tó kó pákó ló gbé wọn padà, ẹrẹ̀ bò wọ́n dé orúnkún. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́sí ló ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ lọ, tí kò ṣẹ̀ mí, ń tiro. Ìyẹn nìkan ló dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n náà bọ́ sílẹ̀, ó pariwo mọ́ mi: "Ìwọ lo ṣe èyí!"

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń yà á?"

Ó wọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba àárín èrò lọ sílé.

Ayé ti yí padà. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Yaba ń múra àtigun kẹ̀kẹ́ lọ sí Iléṣà báyìí, fóònù ló sì ń fọ̀nà hàn án. Fóònù kì í bínú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yẹn ṣì wà láyé, ilé rẹ̀ ò jìnnà sí Ládìpọ̀. Wọ́n ní kí n lọ tọrọ àforíjì kí ọlọ́jọ́ tó dé. Mo ti gbọ́. Òun ni kó kọ́kọ́ wá.